Kẹ̀kẹ́ Òṣómàáló

Ní Òkèèṣà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńgẹ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe,
a fi okùn so kẹ̀kẹ́ bàbá bàbá mi rọ̀
mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó nígbà kan.
Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n gbọ̀n, ó ṣe bí ẹni ń rò ó, ó dúró:
kílò mẹ́tàlélógún.
Lọ́ńgẹ́ tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní,
"Ṣé màlúù lo fẹ́ gùn gba inú igbó lọ sí Ẹ̀fọ̀n ni?"

Ráléè ni. Dúdú, gíga, irin gidi,
irú èyí tí wọ́n fi ń ru ìgàn aṣọ
láyé ìgbà tí òṣómàáló ń ná ọ̀nà Èkìtì,
tí bàbá bàbá mi ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí, tí kì í jẹ, tí kì í mu:
òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.

Èmi náà lóṣòó. Sípánà ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Mo tú mọ́dígáàdì iwájú, mo tú tẹ̀yìn,
mo tú ìbòrí ṣéènì.
Dínámò tí kò tanná láti ọdún tí wọ́n bí mi,
mo jù ú sínú páànù, ó dún gbàà.
Nọ́ọ̀tì kan ò gbà. A ta kẹrosíìnì sí i,
a dúró, a bú u, ó gbà.
Lọ́ńgẹ́ lu agogo lẹ́ẹ̀kan kó tó yọ ọ́:
"Ta lo fẹ́ lù ú fún nínú igbó? Ọ̀kẹ́rẹ́?"

Ó ku kárià.
Igun ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ̀ síta díẹ̀
níbi tí ìgàn aṣọ fìdí lé fún ogún ọdún.
Mo fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tó tẹ̀ wò.
Lọ́ńgẹ́ ò sọ̀rọ̀. Ó ń wo ojú ọ̀run
bíi pé òjò fẹ́ rọ̀.
Mo fi í sílẹ̀, mo kọjú sẹ́rù ara mi ná.

Mo gé ìdimú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dànù.
Mo wọn gàrí, mo dín in kù,
mo tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan padà, nítorí ebi ò mọ ìwọ̀n.
Ìṣáná ńkọ́? Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í rí ìdí ìṣáná,
ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko.
Mo rò ó wò: ẹyin iná pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀
á tó kílò kan ààbọ̀.
Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin àgbà.
Ìṣáná ni mo mú, igi mẹ́wàá péré.

Ìyá mi wá yọjú, iṣu sísun, ìgò oyin.
"Ìbíronkẹ́, gbé e dání."
A wọn ọ́n: kílò mẹ́ta.
Ìyá mi wo ìwọ̀n náà bí ẹni wo olè.
Mo jẹ ìdajì iṣu lójú ẹsẹ̀. Lọ́ńgẹ́ ní
kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ bóyá àpò lo kó o sí tàbí ikùn.
Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bí mo ṣe lóṣòó.
"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó ní,
"àfi bíi pé ẹnì kan jẹ ọ́ lówó."

Ilẹ̀ ṣú kí n tó tú kárià.

Kílò mẹ́rìndínlógún.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Ẹ̀rìn, ọ̀nà di àpáta.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ti èjìká bọ abẹ́ irin,
mo gbé e: kẹ̀kẹ́ tó ru bàbá bàbá mi.
Ó fúyẹ́. Kò fúyẹ́ tó bí mo ṣe rò.
Ihò méjì tí kárià fi sílẹ̀,
atẹ́gùn ń fọn nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.
Mi ò bi í ní ohun tó ń wí.
Òkè ṣì kù.